Bí Mo Ṣe Gba Bẹ́líìtì Àdàbà

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ gbọ́ mi dé òpin kí ẹ tó bú mi. Èmi Misturat ọmọ Ládòkun, tí ẹ mọ̀ sí Àpáta Ṣakí, ọ̀rọ̀ kan wà tí mo gbé mì láti ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, ọ̀rọ̀ náà kò sì dà nínú mi. Mo fẹ́ bì í jáde lónìí. Àìsàn kò ṣe mí, bẹ́ẹ̀ ni kò sẹ́ni tó na pàṣán sí mi kí n tó sọ ọ́. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi ní oṣù tó kọjá ló jẹ́ kí n mọ̀ pé bí n kò bá sọ ọ́, n kò ní lè wo ojú ọmọ ènìyàn mọ́. Ẹ̀yin tí ẹ lẹ àwòrán mi mọ́ ògiri ṣọ́ọ̀bù yín, ẹ̀yin ọmọdébìnrin tí ẹ ń so gèlè ìyá yín mọ́dìí tí ẹ ní bẹ́líìtì Àpáta ni, ẹ̀yin gan-an ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Ẹni tí ẹ ń pariwo fún, olè ni. Ohun tó jí kò ṣeé dá padà.

Kí n kọ́kọ́ sọ bí iṣẹ́ wa ṣe rí, torí ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n kò ní mọ bí ẹ̀ṣẹ̀ mi ti tóbi tó. Alhaji Samsudeen ló ni Ẹgbẹ́ Gìrìpá. Awakọ̀ tírélà ni tẹ́lẹ̀, iṣu ló máa ń kó láti Ṣakí lọ sí òkè Ọya. Nígbà tí ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú ló fi ọkọ̀ sílẹ̀, ó ra pátákó, òpó irin mẹ́rin, okùn, fóòmù àti tápólì, ó ní òun fẹ́ kí àwọn ará Òkè-Ògùn máa rí rẹ́sílìn, ìjàkadì tí wọ́n ń wò lórí tẹlifíṣọ̀n, lójúkojú. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn nìkan ni a ń ṣe é, nígbà tí àgbẹ̀ bá ti wa iṣu tán tí ọwọ́ dilẹ̀. A ó to pátákó wa sí pápá ilé-ìwé, lónìí ní Irawo, lọ́tùn-únla ní Okaka, títí a ó fi dé Ìṣẹ́yìn tí a ti ń kádìí ọdún. Ẹ má bínú sí mi, ẹ̀yin tí ẹ gbà pé ìjà gidi ni. Kí a tó kúrò ní Ṣakí ni a ti mọ ẹni tí yóò borí. Olúsọjí, olùkọ́ wa, ló máa ń to ìjà náà bí àgbẹ̀ ṣe ń to ebè: ẹni báyìí yóò ṣubú lẹ́ẹ̀mẹta, ẹni báyìí yóò ké, tọ̀hún yóò dìde. Ṣùgbọ́n ìrora ibẹ̀ kì í ṣe irọ́. Pátákó kò mọ̀ pé eré ni. Ìdí nìyẹn tí òfin wa àkọ́kọ́ fi jẹ́ pé ara ẹnìkejì rẹ, ọwọ́ rẹ ló wà. Bí ó bá fò, ìwọ ni ilẹ̀ tí yóò balẹ̀ sí.

Ẹni tí wọn yóò gbé sókè nínú wa, ẹni tí àwòrán rẹ̀ yóò tóbi jù lára pósítà, tí yóò jà kẹ́yìn, tí yóò sì so bẹ́líìtì, Alhaji nìkan ló ń yàn án. Mo ti rò ó tì bí ó ṣe ń yàn. Èmi rò pé ẹni tó bá mọ iṣẹ́ jù ni. Àṣé Alhaji kì í tiẹ̀ wo ìjà. Yóò gbé àga rẹ̀, yóò kẹ́yìn sí wa, yóò kọjú sí èrò, yóò sì dijú, yóò máa fetí sí wọn. Tí a bá ṣe tán, Olúsọjí á bi í pé, "Alhaji, báwo lẹ ṣe rí i?" Yóò ní, "Ọmọ tí wọ́n ṣe 'yéè' fún yẹn, ta ni?" Ó tán. Ẹni tí èrò bá ṣe yéè fún, òun ni wọn yóò gbé sókè. Èmi, àtẹ́wọ́ ni wọ́n ń pa fún mi. Ọdún mẹ́jọ ni mo fi ṣubú kí ẹlòmíràn lè dìde. Gbogbo obìnrin tó so bẹ́líìtì yẹn rí, ẹ̀yìn mi ni wọ́n gùn débẹ̀. Mo yí gbiri fún wọn, mo di ikùn mú, mo ń bẹ̀bẹ̀ kí ayé lè rò pé alágbára ni wọ́n. Faith ló ni bẹ́líìtì nígbà tí mò ń wí yìí, kò sì mọ bí a ṣe ń gbé ènìyàn léjìká tó bí mo ṣe mọ̀ ọ́n. Alhaji a máa pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á ní, "Misturat, ní sùúrù. Ìwọ ló kàn." Mo ń ní sùúrù. Mo ń fi òrí pa eékún mi lálaalẹ́, mo ń sọ fún ara mi pé èmi ló kàn.

Ibẹ̀ ni mo wà tí Ọ̀ṣúntóbi fi dé. Ọmọ Ọdẹ́jọbí ni, àgbà ọdẹ kan ní Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí. Ọmọ ogún ọdún, ó tín-ín-rín, ó rí pẹ́lẹ́ńgẹ́, n kò rò pé yóò lò tó oṣù méjì. Olúsọjí ní kí n kọ́ ọ níṣẹ́. Mo kọ́ ọ, n kò fi nǹkan kan pamọ́ fún un, kí Ọlọ́run jẹ́rìí mi lórí ìyẹn nìkan. Mo kọ́ ọ bí wọ́n ti ń ká ọrùn kí orí má baà kan ilẹ̀, bí wọ́n ti ń tú èémí jáde kí ẹ̀yìn tó balẹ̀. Nígbà tí mo rí i pé ó lè gun orí òpó kó sì fò láìbẹ̀rù, mo ní, "Má fò láéláé, àfi tí mo bá fi ọwọ́ lu àyà mi lẹ́ẹ̀mejì. Tí mo bá ti lù ú, mo ti ṣetán nìyẹn, máa bọ̀." Ó ní, "Àǹtí mi, ṣé n kò ní wúwo jù fún yín?" Mo rẹ́rìn-ín. Àǹtí mi ló ń pè mí. Tí a bá dé ìlú tí àwọn Fúlàní ti ń ta wàrà, yóò kọ́kọ́ ra tèmi kó tó ra tirẹ̀. Olúsọjí sọ ọ́ ní Àdàbà, torí bó ṣe ń fò.

Irawo ni mo ti kọ́kọ́ mọ̀ pé inú mi ti yí padà. Èmi ni mo borí lọ́jọ́ náà, bí wọ́n ṣe tò ó nìyẹn. Mo gbé Ọ̀ṣúntóbi lulẹ̀, mo fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ láyà, Àríyọ̀ tó jẹ́ rẹfirí wa kà á dé mẹ́ta, ó na ọwọ́ mi sókè. Kò sẹ́ni tó wo ọwọ́ mi. Ìyá arúgbó kan gun orí pátákó, ó tú ìborùn rẹ̀, ó fi ń nu ojú Ọ̀ṣúntóbi, ó kọjú sí mi, ó ní, "Ìwọ ìkà yìí! Ọmọ ẹlẹ́ran ara ni o ṣe báyìí?" Gbogbo pápá ń ké "Àdàbà! Àdàbà!" Àwọn ọkùnrin gbé e lé èjìká, wọ́n ń gbé e jó yí ilé-ìwé ká. Èmi tí mo borí, èmi nìkan ni mo ká aṣọ mi, tí mo rìn lọ sídìí bọ́ọ̀sì. Láti inú bọ́ọ̀sì ni mo ti rí Alhaji lórí àga rẹ̀, ojú rẹ̀ dì, ó ń mi orí díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó ń gbọ́ wáàsí. Ọdún mẹ́jọ, kò mi orí fún mi bẹ́ẹ̀ rí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ìlara ṣe rí, ẹ̀yin tí kò tíì ṣe. Kì í wọlé bí olè. Ó máa ń wọlé bí àlejò tó ní omi lásán lòun fẹ́ mu. Mo kọ́kọ́ sọ fún ara mi pé n kò bá ọmọ náà jà, ìrẹ́jẹ ló ń dùn mí. Lẹ́yìn náà mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka àléébù rẹ̀. Ó ń rẹ́rìn-ín jù. Ó ń pẹ́ kó tó dìde, ó mọ̀ọ́mọ̀ ń ṣe é kí wọ́n lè káàánú rẹ̀ ni. Tí ó bá ra wàrà fún mi, mo ní ó ń fi yangàn. Nígbà tó yá, tí mo bá ti gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀, màá kúrò níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni mò ń di irun fún un o! Lójoojúmọ́ tí a bá fẹ́ jà, èmi ni mo máa ń di irun rẹ̀, kó má baà bò ó lójú.

Ìwà ibi mi àkọ́kọ́, irọ́ ni. Mo lọ bá Alhaji nílé, mo kúnlẹ̀, mo ní, "Alhaji, n kò fẹ́ kó jẹ́ pé èmi ni mo sọ ọ́. Eékún Ọ̀ṣúntóbi ń dùn ún, ó ń fi pamọ́ fún yín ni. Bí ó bá tún fò, ó lè kán." Alhaji gbà mí gbọ́. Ta ni kò ní gba Misturat gbọ́? Ó ní kí ọmọ náà sinmi fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ọ̀ṣúntóbi wá bá mi nílé, ó ń sunkún, ó ní, "Àǹtí mi, nǹkan kan ò ṣe eékún mi. Ta ló lọ ba tèmi jẹ́?" Mo nu ojú rẹ̀. Mo ní, "Fara balẹ̀, àwọn àgbà rí ohun tí ìwọ kò rí." Mo tún bu oúnjẹ fún un. Àmọ́ irọ́ náà kò ṣiṣẹ́ bí mo ṣe rò. Nígbà tí a dé Okaka láìsí i, èrò jókòó bí ẹni tó wá kí ọlọ́fọ̀. Mo gbé obìnrin kan sókè lójú wọn, mo sọ ọ́ lulẹ̀, mo ṣe iṣẹ́ tí mo mọ̀ jù. Ẹnì kan kígbe láti ẹ̀yìn pé, "Àdàbà wa dà?" Ni gbogbo wọ́n bá gbà á. Mo dúró láàárín pátákó, wọ́n ń pe orúkọ ẹni tí kò sí níbẹ̀ sí mi létí.

Ní ìparí oṣù náà, Faith ní òun fẹ́ ṣègbéyàwó, òun ń kó lọ sí Ìbàdàn. Bẹ́líìtì ṣófo. Mo ti rán aṣọ tuntun sílẹ̀ kí Alhaji tó ránṣẹ́ pè mí. Olúsọjí jókòó tì í, kò wo ojú mi. Alhaji ní, "Misturat, ìwọ àti Ọ̀ṣúntóbi ni yóò jà á ní Ìṣẹ́yìn. Òun ni yóò gbà á." Mo ní, "Alhaji, ẹ ní èmi ló kàn." Ó ní, "Mo sọ bẹ́ẹ̀." Mo ní, "Kí ni mo ṣe tí kò dáa?" Ó mí kanlẹ̀. Ó ní, "Kò sí ohun tí o ṣe tí kò dáa. Òpó ni ọ́, Misturat. Láìsí òpó, ilé wó. Ṣùgbọ́n ènìyàn kì í dúró lójú ọ̀nà wo òpó. Tí o bá borí, wọ́n á pàtẹ́wọ́. Tí ọmọ yẹn bá ṣubú, wọ́n á dìde dúró. Kì í ṣe èmi ni mo yàn án. Èmi kàn gbọ́ ọ ni." Mo ní ó dáa. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo jáde, mo fi orí ti igi ìgbá tó wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, omi ò tiẹ̀ bọ́ lójú mi.

Bóyá ǹ bá ti gbà á bẹ́ẹ̀. Ó ku ọ̀la kí a lọ Ìṣẹ́yìn nígbà tí Ọ̀ṣúntóbi wá bá mi níbi tí mo ti ń sá aṣọ. Ó kúnlẹ̀. Ó ní, "Àǹtí mi, mo ti lọ bẹ Alhaji. Mo ní kí wọ́n fún yín ní bẹ́líìtì yẹn, pé èmi ṣì kéré, ẹ̀yin lẹ kọ́ mi. Wọ́n kọ̀. Ẹ má bínú sí mi." Ẹ gbọ́ o, ọmọ náà ti lọ bá mi tọrọ ohun tí ó jẹ́ ẹ̀tọ́ mi! Bí ó bá yangàn sí mi ni, ǹ bá rí nǹkan bá a jà lé lórí. Àánú tó ṣe mí ló dùn mí ju gbogbo rẹ̀ lọ. Mo gbé e dìde, mo ní, "Kí ni mò ń bínú sí? Ọmọ mi ni ọ́." Ibi tí mo ti ń na aṣọ sórí okùn ni mo ti pinnu. N kò ní fi í lé Ṣàìtánì lọ́rùn. Kò sí Ṣàìtánì níbẹ̀. Èmi àti aṣọ tútù ló wà níbẹ̀.

Ní Ìṣẹ́yìn, oòrùn ti yí sápá kan nígbà tó kàn wá. Èrò kún títí dé orí ògiri. Mo di irun rẹ̀ bí mo ṣe ń ṣe é. A jà, a sì jà á dáadáa, kò sí ìjà wa tó dára tó ọ̀hún rí, èyí gan-an ló ń yà mí lẹ́nu títí dòní. Olúsọjí ti tò ó pé ní ìparí, yóò gun orí òpó, yóò fò, èmi yóò gbà á sí àyà, a ó jọ ṣubú, òun yóò wà lókè, Àríyọ̀ yóò kà á, ó tán. Ó gun òpó. Gbogbo èrò dìde. Ó wo ojú mi, ó ń dúró de àmì. Mo lu àyà mi lẹ́ẹ̀mejì. Ó fò. Bó ṣe ń bọ̀ lófuurufú, ó na apá méjèèjì bí ọmọ kékeré tó ń sáré bọ̀ wá bá ìyá rẹ̀. Mo fa ọwọ́ mi sẹ́yìn, mo sún ẹsẹ̀ kan kúrò. Ìyẹn nìkan ni mo ṣe. Ẹni tó wà nísàlẹ̀ kò lè rí i. Ìbàdí rẹ̀ ló kọ́kọ́ kan etí pátákó níbi tí fóòmù kò dé, lẹ́yìn náà ọrùn. Mo gbọ́ ìró kan bí ìgbà tí ẹ̀ka kajú gbígbẹ bá ṣẹ́.

Èrò rò pé eré ni. Wọ́n ń pariwo, "Àdàbà, dìde! Àdàbà, dìde!" Kò dìde. Ojú rẹ̀ là sílẹ̀, ó ń wò mí, ó ní, "Àǹtí, n kò mọ ẹsẹ̀ mi lára." Ìgbà yẹn ni ìyè mi sọ. Mo dùbúlẹ̀ tì í, mo fi ọwọ́ méjèèjì di orí àti ọrùn rẹ̀ mú, mo ké mọ́ gbogbo wọn pé kí ẹnikẹ́ni má gbé e, kí wọ́n lọ wá pátákó pẹrẹsẹ. Mo di ọrùn náà mú láti orí pápá títí dé ọsibítù, apá mi kú. Dókítà ní bí kì í bá ṣe ẹni tó di ọrùn rẹ̀ mú ni, ì bá ti kú lójú ọ̀nà. Ohun tí gbogbo ayé gbọ́ nìyẹn. Wọ́n ní, "Misturat ló gba ẹ̀mí ọmọ náà là." Ìyá rẹ̀ wólẹ̀ lórí símẹ́ńtì ọsibítù, ó ń di ẹsẹ̀ mi mú. Ẹni tó ti ènìyàn sínú kànga, tó tún sọ okùn sí i, ṣé ó yẹ kí wọ́n máa kí i?

Ẹnì kan rí mi. Àríyọ̀, rẹfirí, ẹ̀gbẹ́ wa ló dúró sí. Lọ́jọ́ kẹta, ó pè mí sẹ́yìn ọsibítù, ó ní, "Misturat, mo rí ọwọ́ rẹ." Mo wólẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní, "Tí mo bá sọ ọ́, ẹgbẹ́ yìí tú nìyẹn. Èmi náà ní ọmọ nílé. N kò ní sọ ọ́. Ṣùgbọ́n má ṣe bá mi jẹun mọ́." Ó pa ọ̀rọ̀ náà mọ́ lóòótọ́. Kò bá mi jẹun mọ́ títí tó fi fi ẹgbẹ́ sílẹ̀. Mo mọ̀ pé ó ń gbé ẹrù tèmi kiri, ó sì dùn mọ́ mi pé ẹlòmíràn wà tí ń bá mi gbé e. Ẹ wo irú ènìyàn tí mo jẹ́.

Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn tún dé, Alhaji fún mi ní bẹ́líìtì. Ọ̀ṣúntóbi kò lè jà mọ́. Ó gbé odindi ọdún kan ní Ìbàdàn kó tó tún fi ẹsẹ̀ tẹlẹ̀, ẹsẹ̀ òsì sì ń wọ́ títí dòní. Mo rò pé n kò ní rí i mọ́, mo sì ti ń dúpẹ́ fún ìyẹn. Àṣé òun fúnra rẹ̀ ló bẹ Alhaji pé kó jẹ́ kí òun máa di máíkì mú, kí òun máa pe àwọn oníjà jáde. Ọdún mẹ́ta ló fi ṣe é. Ní ìlú gbogbo tí a bá dé, Ọ̀ṣúntóbi yóò wọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ jáde, gbogbo pápá yóò dákẹ́, yóò ní, "Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn mi, ẹ bá mi fẹ́ràn ẹ̀gbọ́n mi. Òun ló jẹ́ kí n wà láàyè." Wọ́n á wá ṣe yéè. Yéè tí mo ti ń wá láti ọdún mẹ́jọ, ó dé. Alhaji á dijú lórí àga rẹ̀, á máa mi orí. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé èmi kọ́ ni wọ́n ń ṣe é fún. Mo tún ń jowú rẹ̀! Lórí ẹsẹ̀ wíwọ́ yẹn, mo tún ń jowú rẹ̀, pé wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ láìjà.

Ọ̀ṣúntóbi fẹ́ tíṣà kan tó ń jẹ́ Dàmọ́lá, wọ́n ń gbé ní Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí. Ní oṣù tó kọjá, ó bí obìnrin. Wọ́n pè mí síbi ìsọmọlórúkọ, mo lọ, mo gbé aṣọ òfì kékeré dání. Agbo ilé ọdẹ ni, òrìṣà ni wọ́n ń bọ níbẹ̀ láti ìran wọn. Bàbá Ọdẹ́jọbí dìde láàárín àwọn ẹbí, ó gbé ọmọ náà lé mi lọ́wọ́, ó ní, "Ẹ̀yin ará ilé, obìnrin yìí ló di ọrùn ọmọ mi mú. Bí kì í bá ṣe òun, sàréè ni ǹ bá máa fi han ọkọ ìyàwó. A kì í sọ irú orúkọ yìí nílé wa, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n Misturat ni ọmọ yìí yóò máa jẹ́." Gbogbo ilé dáhùn. Ọmọ náà gbóná lọ́wọ́ mi, ó ya ẹnu, ó ń wá ọyàn. N kò lè ṣe àmín. Mo sún mọ́ Ọ̀ṣúntóbi, mo ní, "Jẹ́ kí a wọ yàrá. Kíá."

Nínú yàrá náà, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un lórí ìdúró, ọmọ ṣì wà lọ́wọ́ mi. Mo sọ ti eékún tí mo parọ́ mọ́ ọn, mo sọ ti Ìṣẹ́yìn. Kò tètè yé e. Ó ní, "Àǹtí mi, ẹ ń sọ pé ọwọ́ yín yọ̀ ni?" Mo ní, "Kò yọ̀. Mo fà á ni." Ó ní, "Ẹ lu àyà yín. Mo rí yín, ẹ lù ú lẹ́ẹ̀mejì." Mo ní, "Mo lù ú." Ó ń wo ẹnu mi. Ó ní, "Ṣé ẹ ti pinnu kí ẹ tó lù ú, àbí ìgbà tí ẹ lù ú tán ló ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sí yín lọ́kàn?" Ọlọ́run mọ̀ pé mo lè parọ́ síbẹ̀. Ìbéèrè náà ṣí ilẹ̀kùn kékeré kan sílẹ̀ fún mi, ó tiẹ̀ dà bíi pé òun fúnra rẹ̀ ń fẹ́ kí n gba ibẹ̀ kọjá. Mo ní, "Mo ti pinnu." Kò ké. Ó na ọwọ́, ó ní, "Ẹ gbé ọmọ mi fún mi." Mo gbé e fún un. Ó fi ọmọ náà sí ọyàn, ó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, ó ní, "Ọdún mẹ́rin ni mo fi ń sọ fún bàbá mi pé èmi ni mo fò kọjá. Mo ń bú ara mi. Tí òtútù bá mú ẹsẹ̀ yìí, tó ń dùn mí, màá ní èmi ni mo fọwọ́ fà á, mo gbójú sókè jù." Lẹ́yìn náà ó ní, "Ẹ gba ẹ̀yìnkùlé lọ. Tí bàbá mi bá gbọ́ kí ẹ tó kúrò ní Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí, ìbọn ń bẹ lọ́wọ́ wọn." Mo ti dé ìdí igi kajú tó wà lẹ́yìn ilé nígbà tí mo gbọ́ ohùn rẹ̀ nínú agbo ilé, ohùn máíkì yẹn, ó ń sọ pé, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi orúkọ mìíràn sọ ọmọ yìí."

Mo lọ bá Alhaji lọ́jọ́ kejì. Mo gbé bẹ́líìtì lé e nítan, mo sọ fún un. Kò ríran mọ́ báyìí, ọwọ́ ló fi ń tọ irin ara rẹ̀ kiri. Ó ní, "Ta ló bi ọ́? Irọ́ ni iṣẹ́ wa, Misturat. Fi èyí kún un. Àwọn mẹ́rìnlélógún ló ń jẹun lára ẹgbẹ́ yìí." Mo ní, "Alhaji, irọ́ tí gbogbo wa jọ fọwọ́ sí ni iṣẹ́ wa. Èyí, ẹni tó fò kò mọ̀ nípa rẹ̀." Ó ní kí n máa lọ. Bí mo ṣe ń jáde, ó ní, "Èmi náà ló sọ fún ọ pé ìwọ ló kàn." Mo bá tèmi lọ. N kò fẹ́ pín ẹ̀bi náà pẹ̀lú ẹnikẹ́ni mọ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni wọ́n ń ṣèlérí fún láyé yìí tí a kì í mú un ṣẹ, wọn kì í tìtorí ìyẹn ṣá ènìyàn balẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, Dàmọ́lá ọkọ rẹ̀ gun ọ̀kadà wá bá mi ní Ṣakí. Kò jókòó, kò gba omi. Ó ní, "Ìyàwó mi ní ẹ má wá bẹ òun, òun kò tíì fẹ́ rí yín. Ó ní tí ẹ bá fẹ́ sọ ọ́ fáráyé, kí ẹ sọ ọ́ bó ṣe rí." Nítorí náà mo ń sọ ọ́ bó ṣe rí. Ọ̀ṣúntóbi ọmọ Ọdẹ́jọbí kò fò kọjá. Kò gbójú sókè jù, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ṣì í. Ibi tó yẹ kó balẹ̀ gan-an ló balẹ̀. Èmi ni n kò sí níbẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ wà nínú iṣẹ́ kan tàbí òmíràn, tí ẹ ń wo bí wọ́n ṣe ń gbé ẹni tí ẹ jù lọ sókè lójú yín, n kò ní kí ẹ má bínú. Ẹ bínú. Ẹ sunkún, ẹ bi ọ̀gá yín léèrè, bí ó bá sú yín kí ẹ fi ibẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ lọ gbin kajú. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti wo ojú yín, tó gbẹ́kẹ̀ lé yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ na ọwọ́ sí i. Ẹ lè bá a jà lẹ́yìn tó bá balẹ̀ tán. Ẹ̀yin ará Irawo, ará Okaka, ará Ìṣẹ́yìn, mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ yín fún ọdún mẹ́rin tí ẹ fi ń pariwo fún mi. Bí ẹnì kan nínú yín bá ń kọjá ní Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí, ẹ bá mi bẹ Ọ̀ṣúntóbi. Bí kò bá gbà, ẹ má dá a lẹ́bi.